Irun Graciela Nínú Bọ́ọ̀sì Clark

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé èmi, Bogna Pilarczyk, kì í ṣe àṣìṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ fíìmù ní Chicago. Iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí n máa kọ ohun gbogbo tí ojú mi bá rí sílẹ̀: ọwọ́ wo ni òṣèré fi di ife mú, bọ́tìnì mélòó ló dè, ibo ni sìgá rẹ̀ jó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù rò pé bó ṣe ń tẹ̀léra lójú yín náà la ṣe yà á. Irọ́ ni. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn lónìí lè má bọ́ síta títí di ọdún tó ń bọ̀, bó bá sì bọ́ síta pẹ̀lú bàtà mìíràn, èmi ni wọn yóò bú. Wọn kò tíì bú mi rí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè mí ní Ìyá Oníwèé, mo sì mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ìyìn.

Graciela Urrutia ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, eyín ni. Ẹgbẹ́ òṣèré kan ló ń lọ káàkiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu, Graciela sì ni eyín ẹ̀yìn, nínú aṣọ fóòmù funfun tó ga jù ú lọ. Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ó sunkún débi pé gbogbo ọmọ kíláàsì kejì bá a sunkún, tísà kan sì ní láti jáde lọ nu ojú. Mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ náà pé ọmọbìnrin yìí kò ní parí sí inú fóòmù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Láti ìgbà náà, ó ti jẹ́ Nọ́ọ̀sì Kejì, ó ti jẹ́ Òkú Inú Odò, ó ti jẹ́ Obìnrin Tó Ń Ra Búrẹ́dì. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè, ó ń lọ sí ilé ìwé àwọn dókítà láti ṣe bí aláìsàn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi í kọ́ bí a ṣe ń sọ ìròyìn búburú fún ènìyàn. Ó máa ń sọ pé, "Bogna, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti sọ fún mi pé mo máa kú, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló rántí bá mi wá tíṣù." Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣeré nínú àwọn tíátà kéékèèké tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, tí kò gbà ju ogójì ènìyàn lọ. Mo ti wò ó rí níbi tí àwa òǹwòran jẹ́ mẹ́ta, tí àwọn òṣèré jẹ́ márùn-ún, kò sì fi ẹ̀kún kan dù wá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, ṣùgbọ́n ti Graciela ti ń sú àwọn tó ń dúró gbọ́ ọ.

Ìgbà tí àǹfààní rẹ̀ máa dé, méjì ló dé pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni fíìmù Gil Tewksbury. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Gil, ará Arizona, níbi tí oòrùn ti ń ràn tí kì í sinmi. Kò ní owó, àmọ́ ó ní ìtàn: obìnrin kan tó ń jẹ́ Nilda ti fi ọgbọ̀n ọdún fọṣọ fún ẹlòmíràn nínú ooru ilé ìfọṣọ. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ sí etí adágún nínú yìnyín, kò sì padà mọ́. Graciela ni Nilda. Inú ilé ìfọṣọ gidi la ti yà á, ní àwọn ọjọ́ Sọ́ńdè tí wọn kì í ṣí i, fún ọdún méjì gbáko. Ó ku ìran ìkẹyìn nìkan: Nilda létí omi, yìnyín tí ẹsẹ̀ kan kò tíì tẹ̀, irun rẹ̀ tó gùn dé ìbàdí ní títú, atẹ́gùn ń gbé e.

Yìnyín ni kò gbà fún wa. Ní ọdún àkọ́kọ́, bó ṣe rọ̀, Gil yọ̀ níwájú ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ní ọdún kejì, bí yìnyín bá dé, kámẹ́rà tá a yá ti padà sọ́dọ̀ oníkámẹ́rà. Bí kámẹ́rà bá dé, yìnyín ti yọ́. Títí di oṣù Kẹta ọdún kẹta, Graciela kò gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kan irun rẹ̀, èmi ni mo sì fi òfin yẹn lélẹ̀.

Ìkejì ni eré orí ìtàgé. Tíátà kan wà ní òpópónà Clark, lápá Diversey, tó ń jẹ́ Òrùlé Páànù. Ààyè méjìdínlọ́gọ́ta péré ló ní, àmọ́ ẹni tó bá ṣeré níbẹ̀, ìlú á gbọ́. Lorraine Beekman ló ni ín, obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún tí kì í pariwo nítorí pé kò tíì nílò rẹ̀ rí. Ó fún Graciela ní ipa ẹlẹ́wọ̀n kan tó dá nìkan wà lórí ìtàgé fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe Nọ́ọ̀sì Kejì. Òun nìkan, àga kan, tábìlì kan, ife omi kan. Orí fífá kodoro ni ẹlẹ́wọ̀n náà gbọ́dọ̀ ní.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Kí ló dé tí wọn kò lo ìbòrí tó dà bí awọ orí? Ní Òrùlé Páànù, orúnkún àwọn tó jókòó níwájú ń kan pákó ìtàgé, wọn á rí gáàmù. Kí ló dé tí a kò wá wíìgì fún fíìmù? Nítorí pé kámẹ́rà Gil máa sún mọ́ ọn débi tí ẹ ó ti rí bí irun ṣe hù láti inú orí, wíìgì tó lè borí ìyẹn wọ́n ju gbogbo fíìmù náà lọ. Irun kan náà ni, orí kan náà ni, iṣẹ́ méjì tó ti ń retí láti ìgbà tó ti wà nínú fóòmù sì ni.

Graciela bẹ Lorraine pé kó jẹ́ kí òun fi irun sílẹ̀ di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà náà dáhùn.

"Sátidé, aago mẹ́ta leré àkọ́kọ́," Lorraine wí. "Aago méjì ààbọ̀, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé ara ògiri, kò sí nínú eré. O mọ òfin wa. Ní aago méjì ààbọ̀ yẹn, mo máa fá orí ẹnì kan. Tó o bá wà níbẹ̀, tìẹ ni. Tó ò bá sí níbẹ̀, ti Bettina ni."

Bettina Crowe ni adípò rẹ̀, ẹni tó máa ṣeré bí òun kò bá lè ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ti há gbogbo eré náà sórí. Ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. A kì í fá orí ọmọ ènìyàn tán ká tún ní kó lọ jókòó. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ fá orí rẹ̀, ó ti gba ipa náà títí tí eré á fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ Fúráìdé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ní aago márùn-ún àárọ̀ Sátidé, fóònù mi dún.

"Ìyá Oníwèé, ẹ wo ojú wíńdò," Gil wí.

"Láti aago mẹ́ta ni mo ti ń wò ó. Mo ti wọ bàtà."

Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún mi, ẹ má purọ́ fún mi pé àgbà kì í fò. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, mo sì fò lórí àtẹ̀gùn.

Ní Rogers Park, àwọn àdúgbò kan wà tí òpópónà wọn parí sínú adágún. Ibẹ̀ la ti pàdé, àwa mẹ́ta péré, nítorí pé kámẹ́rà kékeré kan tí Gil lè gbé léjìká ni gbogbo ohun èlò wa. Yìnyín dé orúnkún, omi adágún dúdú, ó ń ru. Bẹ́ẹ̀ ni àyè etíkun náà kéré. Mo wọ̀n ọ́n lójú: tí Graciela bá rìn kọjá lẹ́ẹ̀kan, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ba ibẹ̀ jẹ́, a ní láti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrìn mẹ́rin ni etíkun yẹn gbà, kò lè gba ìkarùn-ún.

Ní ìrìn àkọ́kọ́, ajá kan sáré wọlé láti bá Graciela ṣeré. Ní ìkejì, mímí Gil bo gíláàsì kámẹ́rà. A jókòó fún wákàtí méjì, a ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Ní ìkẹta, atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, irun sì sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Graciela fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó padà lọ síbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹrin. Atẹ́gùn dìde láti ojú omi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Irun náà gbéra, ó bo ojú rẹ̀, ó ṣí i, Nilda dúró létí omi, ó sì rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò sí nínú ìwé eré. Omi bọ́ lójú mi sórí ìwé mi. Gil ń lọgun nínú yìnyín. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Mọ́tò mi wà lójú títì níbẹ̀ yẹn," Gil wí. "Àá débẹ̀ kí wọ́n tó pè wá."

Ojú àlejò ló tóbi, kò fi ríran. Nígbà tá a dé ibi tó fi mọ́tò sí, kò sí mọ́tò. Òkìtì yìnyín ni mo rí, wọ́n ti fi bo mọ́tò náà mọ́lẹ̀, wọ́n ti da omi lé e lórí, omi ti dì. Lórí òkìtì náà gangan, àga ilé ìdáná kan jókòó, èyí tí wọ́n fi páìpù irin ṣe, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ rọ́bà pupa.

Mo bojú wo Gil. "Gil. Nígbà tó o dé láàárọ̀, ṣé àga wà níbí?"

"Ó wà níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n sọ ọ́ nù ni. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Graciela fọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́ta ni Gil ti ń gbé Chicago, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó yìnyín kúrò lójú títì, tó sì gbé àga síbẹ̀, ó ti ni ibẹ̀ bí ẹni ni ibùsùn. Wíńdò kan ṣí lókè. Bàbá kan yọ orí, ó dé fìlà onírun, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo gbé àga mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo rò pé wọ́n sọ ọ́ nù ni."

"Wákàtí méjì ni mo fi gbẹ́ ihò yẹn, pẹ̀lú ẹ̀yìn mi tó ń ro mí. Mo gbé àga sí àárín rẹ̀ ṣánṣán. O rí i, o ní wọ́n sọ ọ́ nù. Tó o bá rí bẹ́ẹ̀dì mi, wàá ní wọ́n sọ ọ́ nù náà ni?"

"Sà, òṣèré yìí ní eré aago mẹ́ta."

"Kó gun bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì kì í gbé àga ẹni." Ó ti wíńdò rẹ̀.

Mi ò lè bá bàbá yẹn jà, òótọ́ ló sọ. A sáré. Graciela wà níwájú nínú kóòtù Nilda, Gil gbá kámẹ́rà mọ́yà bí ọmọ ọwọ́, èmi ń mí hẹlẹ hẹlẹ lẹ́yìn wọn títí dé Clark. Lẹ́yìn tá a ti dúró pẹ́, bọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ méjìlélógún dé ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Ó kún díẹ̀, ó gbóná, ó sì ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìgbéraga mi ti wó. Mo fa àpò mi yọ láti to ìwé mi, ìwé àkọ́kọ́, èyí tí mo kọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, sì bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí síbi ìran ilé ìfọṣọ, ìgbà tí Nilda bọ́ épúrọ́ọ̀nù tó ṣílẹ̀kùn. Ooru mú lọ́jọ́ náà. Mo rí àfọwọ́kọ ara mi: *Ó di irun. Ìdì kan, ó wà léjìká ọ̀tún.* Fọ́tò tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kò purọ́ pẹ̀lú.

Nilda jáde pẹ̀lú irun dídì. Nilda dé etí omi pẹ̀lú irun títú. Ìwé náà wà nísàlẹ̀ àpò mi láti àárọ̀, n kò ṣí i, torí ó dá mi lójú. Ẹsẹ̀ wa ti tẹ gbogbo yìnyín etíkun yẹn, ní aago méjì ààbọ̀ irun náà á sì ti di ìdọ̀tí ilẹ̀.

Mo lè dákẹ́. N kò ní tàn yín, mo rò ó láti òpópónà Devon títí dé Peterson. Gil kò mọ̀, á di ìgbà tó bá ń to fíìmù pọ̀. Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń ṣubú, áḿbọ̀sì èmi ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣubú rí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Níkẹyìn mo na ìwé náà sí wọn. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná.

Gil kà á. Ó gbé orí lé ẹ̀yìn ìjókòó iwájú rẹ̀.

Graciela kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó ṣílẹ̀kùn, irun wà ní dídì. Ó dé etí omi, ó ti tú. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀," mo wí. "A ò ya nǹkan kan láàárín."

"Níbo ni ilé ìfọṣọ wà?"

"Lórí Clark."

"Nilda ní mọ́tò?"

"Kò ní," mo wí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa, lẹ́yìn náà a wo inú bọ́ọ̀sì. Gil ti ń ṣí àpò kámẹ́rà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi dì í, Ìyá Oníwèé," Graciela wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. "Gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé yín. Kíákíá."

Mo di irun náà. Irun náà tutù, ó wúwo, ó ń rùn bí adágún. Fọ́tò wà lórí itan mi. Mo ṣe é ní ìdì kan, mo gbé e sí èjìká ọ̀tún. Kóòtù rẹ̀ tutù lóòótọ́, àmọ́ yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀ lóde, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì náà á tutù. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé kámẹ́rà lẹ́yìn yẹn." Obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì náà ló sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà nínú dígí. "Ṣé ẹ gbàṣẹ?"

"A ò gbàṣẹ, mà," Graciela dáhùn. "Wọ́n máa fá irun mi ní aago méjì ààbọ̀. Tá ò bá yà á báyìí, kò sí mọ́."

"Irun yẹn? Ta ló fẹ́ fá a?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fá a."

Dírẹ́bà náà wò ó nínú dígí títí iná ojú pópó fi yí padà sí àwọ̀ ewé. "Dígí mi yìí ò mọ́ dáadáa," ó wí. "Láti ibí dé Belmont, mi ò lè rí ẹ̀yìn."

Gil bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n má wo kámẹ́rà. Bàbá arúgbó kan tó gbé báàgì ànàmọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń gun bọ́ọ̀sì yìí láìwo ojú ẹnì kankan. Máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ."

Graciela jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Mo rí i tó kúrò lára rẹ̀, tí Nilda dé. Ó wo òpópónà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ bá ìdì irun náà, ó mú un bí ẹni mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́, ọwọ́ kan tẹ̀ lé èkejì, yìnyín ń kọjá lẹ́yìn gíláàsì. Ọgbọ̀n ọdún ìfọṣọ ló ń tú yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún Graciela náà wà níbẹ̀, eyín wà níbẹ̀, òkú inú odò wà níbẹ̀. Nígbà tó tú u dé òkè, ó gbọn orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá oníànàmọ́ náà, tí kì í wo ẹnikẹ́ni, ń wò ó. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: n kò tíì rí ohun tó dára tó ìran yẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń di pẹ́ńsùlù mú.

"Diversey," dírẹ́bà ké. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ fá orí ẹ̀, ó yá."

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. A já wọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Òrùlé Páànù. Bettina wà lórí àga níwájú dígí, táwẹ́lì wà lọ́rùn rẹ̀, Lorraine dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ìfárí ti ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Graciela kò wo wọ́n. Ara ògiri ló lọ tààrà, ó fa báírò tó so mọ́ okùn, ó kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó yíjú.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n," Lorraine wí, ó ń wo aago. "Bettina, dìde."

Bettina dìde. Ó fọwọ́ kan irun ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Mi ò mọ̀ bóyá inú mi dùn àbí inú mi bà jẹ́," ó sọ fún Graciela. Ó bọ́ táwẹ́lì náà, ó fi so ọrùn Graciela fúnra rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni wọ́n fi fá a. Mo fi ọwọ́ ara mi gbá irun náà jọ.

Ní aago mẹ́ta, mo jókòó ní ìlà kejì, èmi tí mo jẹ́ òǹwòran lásán, tó ṣì gbé ìwé lé itan bí aṣiwèrè. Gbogbo ààyè méjìdínlọ́gọ́ta kún. Iná tàn, obìnrin kan tí n kò rí rí wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ń dán, ó kéré, ó ń wo gbogbo wa láìbẹ̀rù. Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Níbi tó ti máa mu omi, nínú gbogbo ìdánrawò tí mo lọ wò, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbé ife. Lọ́sàn-án yìí, ó na ọwọ́ òsì. Pẹ́ńsùlù mi gbéra fúnra rẹ̀, ó dé orí ìwé. Graciela gbé ife náà sókè, ó mu ún tán, ó sì gbé e kalẹ̀. Mo pa ìwé mi dé láìkọ nǹkan kan sí i, mo sì ń wò ó lọ.